Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ mi lórí ọ̀rọ̀ tí à ń fi ìka sọ

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Búdà, olùkọ́ ayé àtijọ́ ní Íńdíà tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, ohun tó sì mú mi kọ̀wé sí yín ni èébú tí mo ń rí tí ẹ ń bu àwọn ènìyàn lórí Facebook àti WhatsApp, títí kan àwọn tí ẹ kò fojú kàn rí.

Búdà ní àmì márùn-ún ni a fi ń mọ ọ̀rọ̀ tó dára: a sọ ọ́ lásìkò, òótọ́ ni, a fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́, ó ṣàǹfààní, inú rere la sì fi sọ ọ́. Púpọ̀ nínú yín kì í kọjá èkejì. Bí ẹ bá ti ní, "Ṣebí òótọ́ ni mo sọ," ó parí. Òótọ́ tí a sọ lù ènìyàn lójú agbo, lọ́jọ́ tó ń ṣọ̀fọ̀, ti kùnà mẹ́ta, ó kéré tán, nínú márùn-ún náà.

Nígbà tí Búdà ń kọ́ Rahula, ọmọ tí ó bí, ó ní kí ó máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò kí ó tó sọ ọ́, nígbà tí ó bá ń sọ ọ́ lọ́wọ́, àti lẹ́yìn tí ó bá sọ ọ́ tán, bóyá ó lè pa òun tàbí ẹlòmíràn lára. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa yára ju irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ tẹ̀ sórí fóònù ń dúró dè yín, ẹ lè kà á, ẹ sì lè tún un kà.

Lóru ọjọ́ kan, àbúrò mi kan fẹ̀sùn kàn mí lójú gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, nítorí owó ìsìnkú. Mo kọ èsì tó gùn, mo ka gbogbo àṣìṣe rẹ̀ láti kékeré. Bí mo ṣe fẹ́ fi í ránṣẹ́, mo kíyè sí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, eyín mi sì wà ní pípa pọ̀. Mo dojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì, mo rọra ń mí títí ara mi fi rọ̀. Nígbà tí mo tún èsì náà kà, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wúlò níbẹ̀, èyí tó sọ iye tí mo san. Òun nìkan ni mo fi ránṣẹ́.

Bí wọ́n bá sì bú yín ńkọ́? Ní Rajagaha ní Íńdíà, Bráhmánì kan, ìyẹn ọ̀kan nínú ìran àwọn àlùfáà ilẹ̀ náà, bú Búdà bí ẹni láyin. Búdà bi í pé, bí ó bá gbé oúnjẹ fún àlejò tí àlejò kò sì gbà á, ta ló ni oúnjẹ náà? Bráhmánì náà ní òun ni. Búdà ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èébú rẹ̀, òun kò gbà á. Ẹni tó bá dá èébú padà ti bá abúni jókòó jẹun nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fèsì sí èébú láago méjì òru, oúnjẹ yẹn ni ẹ ń bá wọn jẹ.

Èyí tí ẹ bá sì ti fi ránṣẹ́, pípa á rẹ́ kò tó, nítorí ẹni tó kà á ti kà á. Búdà ní kí Rahula jẹ́wọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó má sì sọ irú rẹ̀ mọ́. Ẹ pe ẹni náà lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn yín.

Èmi ni,
Bàbá yín