Lẹ́tà sí Dúpẹ́ láti Mabamba

Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo ti rí i! Mo rí ẹyẹ Shoebill lójú kòrókòrò, ní irà Mabamba yìí, létí adágún Victoria ní Uganda, níbi tá a ti jọ ń pète láti wá látọjọ́ yìí. Ó ga ju mítà kan lọ, ẹnu rẹ̀ rí gbàǹgbà, ó dúró gbagidi láàárín koríko papyrus. Kò mira rárá. Ẹja lungfish ló ń ṣọ́. Atẹ́gùn inú omi irà kì í tó ẹja yẹn, ó di dandan kó máa yọjú sókè wá mí, ẹyẹ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń dúró de ẹja, èmi náà ń dúró dè é. Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti balẹ̀ tó báyẹn.

Àfìgbà tí ọkọ̀ kejì dé. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ní kí atukọ̀ sún mọ́ ẹyẹ náà. Atukọ̀ ní ibi tó yẹ káwọn dé nìyẹn. Ọkùnrin náà ní rárá, òun ò fẹ́ èyí tó dúró, èyí tó ń fò lòun fẹ́ yà. Nígbà tí atukọ̀ ò gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́, Dúpẹ́! Ẹyẹ na apá, ó gbéra, ó lọ. Kò tíì rí ẹja kankan jẹ. Gbogbo Shoebill tó kù láyé ò pé 10,000, a sì ń lé ọ̀kan kúrò nídìí oúnjẹ rẹ̀ nítorí àwòrán.

Lálẹ́, ọkùnrin náà fi àwòrán náà hàn wá. Ó dára, mi ò ní purọ́, gbogbo ìyẹ́ apá ló hàn kedere. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá rí i kò ní mọ bó ṣe yà á, yóò kàn sọ fún atukọ̀ tirẹ̀ pé irú ẹ̀ lòun náà ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ atukọ̀ ń wá oúnjẹ òòjọ́. Lọ́la, wọ́n ti pa èmi àti ọkùnrin náà pọ̀ sínú ọkọ̀ kan. Báwo ni kí n ṣe bá a sọ ọ́ tí kò fi ní dìjà? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rántí bó o ṣe bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀ nídìí ìtẹ́ idì.

Ara Màmá ti yá, Bọ́lá ti rí iṣẹ́, òjò ò jẹ́ ká gbádùn ọ̀sán.

Mo fi àwòrán ẹyẹ funfun kan ránṣẹ́ sí ọ. Lékeléke kọ́ o, ọrùn rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Merlin, áàpù tó ń dá ẹyẹ mọ̀, pè é ní Great Egret nínú àwòrán kìíní, ó pè é ní Yellow-billed Egret nínú èkejì, ẹyẹ kan náà sì ni! O ní ká máa wo ìlà ẹnu: tó bá kọjá sẹ́yìn ojú, Great Egret ni, tó bá mọ sábẹ́ ojú, èkejì ni. Àwòrán kẹta nìkan ló ti kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi dáadáa. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù kí funfun rẹ̀ má bàa tàn jù nínú àwòrán, nítorí náà fẹ̀ ẹ́ dáadáa kó o wò ó.

Wọ́n sọ fún mi pé o fẹ́ ta kámẹ́rà rẹ. Mi ò ní bi ọ́ nídìí rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ jọ̀wọ́, má tíì tà á. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ni, jẹ́ ká jọ wá nǹkan ṣe sí i. Mo máa padà wá síbí, ìwọ ni mo sì fẹ́ kó jókòó síwájú ọkọ̀. Fèsì èyí kó o tó fèsì ti ẹyẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́