Ẹ̀yin olóòtú, ife kọ́ la fi ń mọ ọ̀ta

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Chicago ni mo ti ń kọ̀wé yìí, takisí ni mo ń wà níbí, orí fóònù ni mo ti máa ń ka ìwé ìròyìn yín nígbà tí mo bá wà lórí ìlà ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare tí mò ń dúró de èrò. Mi ò kì í dá sí ọ̀rọ̀ àwọn òǹkàwé, àmọ́ èyí tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹnì kan ló kọ̀wé sí yín pé tí a bá fẹ́ mọ eléré tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú àwọn tí ò bára wọn ní sáà kan náà, kò le rárá, ká ṣáà ka ife tí kálukú gbà, ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀ jù lọ̀gá, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Eré kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní báǹkì púùlù. Kí n tètè là á yé yín o, kì í ṣe púùlù tí àwọn bàbá wa máa ń fi bírò maàkì dírọ́ọ̀, kì í sì í ṣe báǹkì tí wọ́n ń kówó sí. Ìyá mi pè mí nígbà kan, mo ní "Màmá, ilé púùlù ni mo wà," yéè, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà pé ohun tó gba owó lọ́wọ́ bàbá mi ò ní gba tèmi. Ti orí tábìlì ni mò ń wí, tí a máa ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní snúkà nílé bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni snúkà gan-an. Nínú báǹkì, o ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù tààrà sínú ihò. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ lu rọ́bà etí tábìlì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan, kó wá ta padà kó tó wọlé, wàá sì ti sọ ihò tó ń lọ kó o tó gbá a. Tó bá fara kan bọ́ọ̀lù mìíràn lọ́nà, kò níye. Tó bá wọ ihò tó o ò pè, kò níye, wọ́n á yọ ọ́ padà sórí tábìlì. Bọ́ọ̀lù 15 ló wà nínú èyí tó gùn, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó 8 ló jẹ, èyí tó kúrú ní bọ́ọ̀lù 9, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó 5 ló jẹ. Èèṣì ò wúlò níbẹ̀.

Ilé púùlù kan wà ní South Side, apá gúúsù Chicago níbí, tí mo máa ń yà sí ní Sátidé tí mo bá já kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn ò lè tẹ̀ dáadáa mọ́ torí ìbàdí tó ń dùn wọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n di igi mú ná. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ mo rò pé mo mọ nǹkan, ṣebí Múṣin ni mo ti kọ́ ọ, lórí tábìlì tókìn, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ò ti ní jẹ́ kó o gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù. Bàbá ò bá mi jiyàn. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kan sí nǹkan bí ìka mẹ́rin sí etí tábìlì, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù funfun tí a fi ń gbá èyí tó kù sílẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí abẹ́ àwọn méjèèjì lórí aṣọ, wọ́n ní kí n gbá a kó padà wá sí ihò àárín lódìkejì. Mo gbá a pẹ̀lẹ́, ó lu rọ́bà, ó fẹ̀, ó kọjá ihò. Wọ́n gbé e padà sórí àmì, wọ́n ní kí n fi agbára díẹ̀ kún un, ó wọlé. Wọ́n tún gbé e padà, wọ́n ní kí n gbá a bí ẹni tí inú ń bí, ibi kan náà ni mo fojú sùn o, ibi kan náà ni mo gbá, bọ́ọ̀lù yẹn ta padà ṣóńṣó, kò tiẹ̀ fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ihò, ó lọ lu rọ́bà kejì ó sì ń bọ̀ wá bá funfun. Bàbá ní, "Bọ́ọ̀lù kan náà nìyẹn o." Wọ́n lọ jókòó.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Bọ́ọ̀lù tó o bá gbá jẹ́jẹ́ á ti máa yí kó tó dé etí, yíyí yẹn ló máa ń fẹ ọ̀nà ẹ̀ nígbà tó bá ń padà bọ̀. Èyí tó o bá gbá le kì í ráyè yí, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀ débẹ̀, á wọnú rọ́bà gan-an, ìyẹn láá jẹ́ kó padà tóóró. Ẹ wá fi ti pé funfun fúnra ẹ̀ lè máa pòòyì kó sì ran ìpòòyì yẹn mọ́ èkejì kún un. Ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lè ní bí ọ̀nà mẹ́rin márùn-ún tó lè gbà dé ihò kan náà, ọ̀nà tí ẹnì kan bá sì yàn ló máa ń fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Èmi ò mọ ibi tí èèyàn á ti rí ìyẹn lára ife.

Ẹni tí orúkọ ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jáde tí ọ̀rọ̀ bá dé orí báǹkì ni Eddie Taylor, Béárì Knoxville ni wọ́n ń pè é, torí ìlú Knoxville ní Tennessee ló ti wá. 1918 ni wọ́n bí i, 2005 ló kú. Ó ti di ẹni ọdún 75, ní 1993, kí BCA, ìyẹn ẹgbẹ́ eré púùlù ní Amẹ́ríkà, tó kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ ti àwọn àgbà eré wọn. Ẹ wò ó dáadáa o, Johnston City ní Illinois wa níbí, ìlú kékeré, George àti Paulie Jansco dá ìdíje sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1961 fún àwọn tó ń fi púùlù jẹun, àwọn tó ń ti ìlú dé ìlú ta tẹ́tẹ́. One-pocket, èyí tí kálukú ní ihò kan ṣoṣo tiẹ̀, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá wọ́n mú irú púùlù méjì mìíràn wọlé, nine-ball (kì í ṣe báǹkì bọ́ọ̀lù 9 tí mo sọ lókè o) àti straight pool. Báǹkì ńkọ́? Wọn ò fi í sí i. Eré tí Taylor ti jọba lé gbogbo èèyàn lórí gan-an, kò sí ife ẹ̀ nílẹ̀ níbi tí gbogbo ọ̀gá pé jọ sí. Ní 1972 àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ ya bò wọ́n nítorí tẹ́tẹ́, ibẹ̀ ló sì tú ká sí. Kí wá ni ẹni tó kọ̀wé sí yín fẹ́ kà?

Ti Leonard Rucker tilẹ̀ tún burú ju ìyẹn. Bugs ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kòkòrò, ọmọ Chicago, aláwọ̀ dúdú tó ń gbá báǹkì. (Àwọn ìnagijẹ wọn yìí máa ń dùn mọ́ mi, ó dà bí ti àwọn oníjàkadì wa látijọ́.) Láyé àwọn Bugs, aláwọ̀ dúdú ò rọrùn fún wọn láti gba fọ́ọ̀mù ìdíje ńlá. Ẹ ẹ̀ rí Cisero Murphy ará Brooklyn, tó jẹ́ pé gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n gbá, àmọ́ tí wọn ò pè é sí ìdíje àgbáyé títí di 1965, ọdún tí wọ́n wá pè é yẹn náà ló gbé e, ní Burbank, California, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Murphy ṣì rí ọ̀nà wọlé o. Àwọn bíi Bugs, òru ni ìdíje tiwọn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn títì, owó ẹ wà lórí tábìlì, tó o bá jẹ o kó o, tó o bá fìdí rẹmi o wá ọkọ̀ lọ sílé, kò sí oníròyìn níbẹ̀.

Nílé ńkọ́, ta ló ń fún ọ̀ta ayò ní ife? Tẹ́ ẹ bá dé abẹ́ igi tí wọ́n ti ń ta á, ẹ ó ní "mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ," wọ́n á sì dá yín lóhùn pé ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn. Gbogbo abẹ́ igi ló mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọ́n wà níbẹ̀ ni, wọ́n rí i. Nínú báǹkì náà, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ. Bíi Freddy Bentivegna, Onírùngbọ̀n, ọmọ Chicago tó jẹ́ pé òun náà ń gbá báǹkì dáadáa tó sì tún jókòó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú ní 2014. Àwọn yẹn ò jọ ẹni tó kàn ń ka ife.

Ó yá, nígbà tí kálukú wọn ń ṣe bẹbẹ, ta ló jù? Lójú Bàbá mi yẹn, Bugs ni, kò sí àlàyé. Wọ́n ní Bugs kì í rò ó pẹ́, á wò ó, á tẹ̀, á gbá a, ó sì máa ń gbá a le, tóbẹ́ẹ̀ tí bọ́ọ̀lù á lu ẹ̀yìn ihò pàà kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó ti kúrò lójú kan, wọ́n ní tó bá ti kó méjì, ẹni tó ń bá a ta á ti máa tú igi ẹ̀. Èrè gbígbá a le ni pé aṣọ tábìlì ò lè tàn ẹ́ jẹ, ooru ò lè tàn ẹ́, ọ̀rinrin náà ò lè tàn ẹ́, ọ̀nà kan náà láá máa gbà padà. Ibi tó sì ti burú ni pé tó bá lu etí ihò báyìí, ó tì, kò ní ṣubú síbẹ̀, á fò jáde ni, á tún wá kalẹ̀ síwájú ẹni kejì.

Èmi ò fara mọ́ ti Bàbá pátápátá. Tó bá jẹ́ eré bọ́ọ̀lù 9 ni, ó dáa, ẹ bá mi gbé owó mi lé Bugs, torí márùn-ún ò jìnnà, ẹni tó gbóná lè gbá a tán kí ẹni kejì tó dìde lórí àga. Àmọ́ bọ́ọ̀lù 15 ọ̀tọ̀ ni. Bọ́ọ̀lù kún ojú tábìlì, gbogbo ọ̀nà dí, ìdajì iṣẹ́ ni mímọ ibi tó o máa gbé funfun pamọ́ sí tí ẹni kejì ò fi ní rí nǹkan gbá. Taylor tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá ni nínú one-pocket, ìfarapamọ́ sì ni gbogbo eré ìyẹn. Ẹni tó mọ gbígbá tó tún mọ fífi pamọ́, òun ni màá tẹ̀lé títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ ó tún gbọ́ táwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń sọ pé tiwọn ló dáa jù. Láti 1999 ni Derby City Classic ti bẹ̀rẹ̀ ní ìhà Louisville, Kentucky, wọ́n sì ń ta báǹkì níbẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tó kúrú, bọ́ọ̀lù 9. John Brumback ọmọ Kentucky ti gbé e níbẹ̀, mo máa ń wo fídíò ẹ̀ dáadáa, ọwọ́ ẹ̀ dúró gbọin. Ó dáa náà. Àmọ́ tábìlì ńkọ́? Tábìlì tí ilé iṣẹ́ Diamond ṣe ló wà níbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n á sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù máa ń padà tóóró lórí àwọn Diamond àtijọ́ ju ti ilé iṣẹ́ Brunswick lọ, tó jẹ́ pé ẹni tí Gold Crown, tábìlì Brunswick ti 1961, kọ́ níṣẹ́ á ní láti tún ojú ẹ̀ ṣe kó tó lè fi bọ́ọ̀lù kan wọlé. Aṣọ tábìlì wọn nígbà yẹn náà nípọn, ó ní irun lórí, kì í sáré bíi ti òní. Tó o bá gbé Taylor tó wà lágbára wá síbí lónìí, yóò lo ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ẹ̀ tó mọ́lẹ̀. Tó o bá sì gbé Brumback lọ sí 1955, kó múra láti wá owó ọkọ̀ délé.

Tó bá wá jẹ́ ti ife ni ẹ fẹ́, Efren Reyes ará Philippines, Onídán, ti gba oyè ọ̀gá gbogbo tábìlì, ìyẹn ti ẹni tó ṣe dáadáa jù nínú gbogbo eré ibẹ̀ lápapọ̀, ní Derby City yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ti gba ife káàkiri ayé débi tí ẹ ò ní rí ibi kó wọn sí. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an. Àmọ́ ẹ lọ sí South Side kẹ́ ẹ ní Efren ló mọ báǹkì gbá ju Bugs lọ torí ife, ẹ wo bí wọ́n ṣe máa rẹ́rìn-ín.

Sátidé tó kọjá ni mo gbé fóònù fún Bàbá, mo túmọ̀ ohun tí oníwèé yín yẹn kọ fún wọn látòkè délẹ̀. Wọ́n bi mí pé ife mélòó ni ẹni tó kọ ọ́ fúnra ẹ̀ ti gbà. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé tó bá dé Chicago kó wá bá wọn, eré bọ́ọ̀lù 9, àwọn á fún un ní mẹ́ta ọ̀fẹ́ nínú márùn-ún, àmọ́ kó mú owó ẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ takisí, Chicago.