Kí Abẹ́rẹ́ Fúnra Rẹ̀ Dáàbò Bo Ọwọ́ Tó Mú Un

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn wa. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín nípa abẹ́rẹ́ tó ń ṣèèṣì gún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Inú mi dùn pé ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ro tiwa tó bẹ́ẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà sí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní bí nọ́ọ̀sì bá fara balẹ̀, tó wọ ìbọ̀wọ́, tí kò kánjú, abẹ́rẹ́ ò ní gún un. Nọ́ọ̀sì ni èmi náà, ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń fa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ sí kí n fi bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí níbẹ̀.

Ìfarabalẹ̀ dára, ojoojúmọ́ ni mo sì ń tẹnu mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Aláìsàn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yàrá iṣẹ́ abẹ dé, oògùn oorun ò tíì dá lójú rẹ̀. O wá iṣan rẹ̀ títí o fi rí i, ẹ̀jẹ̀ ti wọ ìgò tó, o ń fa abẹ́rẹ́ yọ, àfi wàì, aláìsàn ju apá. Abẹ́rẹ́ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ yẹn, òwú ló wà lọ́wọ́ òsì, ẹlòmíràn sì ti ń pè ọ́ ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ta ló fẹ́ kọ́ aláìsàn yẹn ní ìfarabalẹ̀? Ìbọ̀wọ́ ní tirẹ̀ máa ń nu díẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ara abẹ́rẹ́ kó tó kan awọ, ìdí nìyẹn tí a kì í fi ṣeré pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò lè dá abẹ́rẹ́ dúró.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ẹyọ kan lọ. Ara abẹ́rẹ́ gan-an ni kí wọ́n kọ́ ààbò mọ́, kó sì máa ṣiṣẹ́ yálà ẹni tó mú un rántí tàbí kò rántí.

Lọ́dún 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 35 òṣìṣẹ́ ìlera tó wà láyé nígbà náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ni abẹ́rẹ́ tàbí irinṣẹ́ mímú mìíràn ń ṣèèṣì gún lọ́dọọdún. Ní Amẹ́ríkà, iye tí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn níbẹ̀, fojú bù fún àwọn ilé ìwòsàn wọn jẹ́ 385,000 lọ́dún kan. Mi ò gbà pé aláìbìkítà ni gbogbo wọn. Bí abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara ẹni tó ní kòkòrò HIV bá gún èèyàn, nǹkan bí ẹni 3 nínú 1,000 ló máa ń kó o. Ti àrùn mẹ́dọ̀wú B le jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: fún ẹni tí kò gba àjẹsára rẹ̀, ó lè tó ẹni 6 sí 30 nínú 100. Abẹ́rẹ́ oníhò, irú èyí tí a fi ń gba ẹ̀jẹ̀, burú ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ ọgbẹ́ lọ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ máa ń kù sínú ihò rẹ̀.

Lọ́dún 1988, obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Janine Jagger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia gbé ìwádìí kan jáde tí mo fẹ́ kí bàbá wa gbọ́ nípa rẹ̀. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ látorí irú èèyàn tí abẹ́rẹ́ gún. Irú abẹ́rẹ́ tó gún wọn ni wọ́n wá lọ. Ìṣẹ̀lẹ̀ 326 ni wọ́n tú wò ní ilé ìwòsàn kan. Síríńjì ló gún èèyàn jù lóòótọ́, nítorí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi iye tí ilé ìwòsàn rà ṣírò rẹ̀, síríńjì wá di èyí tí ewu rẹ̀ kéré jù! Àwọn abẹ́rẹ́ tí èèyàn ní láti tú palẹ̀ lẹ́yìn tó bá lò wọ́n tán ni ewu wọn pọ̀, òmíràn tó ìlọ́po 5.3 ti síríńjì. Lára wọn ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi so rọ́bà dírípù mọ́ rọ́bà dírípù. Ẹ gbà mí! Abẹ́rẹ́ tí kò kan awọ aláìsàn rárá, tó jẹ́ pé rọ́bà ló ń gún, òun ló ń gún nọ́ọ̀sì. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ike tí wọ́n ń yí wọ inú ara wọn ló ti gba iṣẹ́ yẹn, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń ṣe irinṣẹ́ béèrè nìyẹn, bóyá abẹ́rẹ́ tilẹ̀ pọn dandan níbi tí wọ́n fẹ́ fi í sí.

Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ló jẹ mọ́ dídé ọmọrí padà sórí abẹ́rẹ́. Gbogbo wa ni wọ́n kọ́ pé a ò gbọ́dọ̀ dé e. Kí ló dé tí àwọn èèyàn tún ń dé e? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bi ló ní ewu mìíràn làwọn ń sá fún, bíi pé kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ tí nǹkan kan ò bò lọ síbi àpótí tí wọ́n ń jù ú sí. Ìdáhùn yìí yé mi dáadáa. Bí àpótí abẹ́rẹ́ bá wà lọ́nà jíjìn, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe?

Ní báyìí, oríṣiríṣi abẹ́rẹ́ aláàbò ló wà, ṣùgbọ́n wọn ò dọ́gba. Ó wu mí kí n ṣàpèjúwe méjì tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Síríńjì kan wà tí sípíríǹgì kékeré ká mọ́ ìdí abẹ́rẹ́ rẹ̀. O gún aláìsàn, o tẹ oògùn wọlé títí ó fi tán. Bí o bá tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, o máa kọ́kọ́ rí i pé ó ń bá ọ fà á, lẹ́yìn náà o máa gbọ́ “tá”, abẹ́rẹ́ á sì fò padà láti inú ẹran aláìsàn sínú ikùn síríńjì, níbi tí kò ti lè jáde mọ́. Kò sí ìgbà kankan tí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tó ti lẹ́jẹ̀ lára wà níta gbangba. Èkejì ni kánúlà tí a fi ń ta dírípù. Bí o ṣe ń fa abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ yọ kí ike nìkan lè kù sínú iṣan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fara pamọ́ á dì mọ́ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń jáde bọ̀. O ò tẹ nǹkan kan, o ò sì ní láti rántí ohunkóhun.

Ẹ wá fi èyí wé àwọn tó ní ìdérí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ní kí á fi àtàǹpàkò tì bò ó lẹ́yìn tí a bá lò ó tán. Ó sàn ju kí á má ní nǹkan kan lọ, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọjú wo ẹnu àpótí abẹ́rẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa ní ìrọ̀lẹ́, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn ò tì bò. Ìbọ̀wọ́ ti tutù, ó ń yọ̀, ọwọ́ kejì ń di òwú mọ́ ara aláìsàn. Lọ́dún 2010, ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 61 ní ilẹ̀ Faransé, ó sì fi hàn pé àwọn tó ń dáàbò bo ara wọn láìsí pé èèyàn tì wọ́n ni wọ́n gún èèyàn kéré jù. Kò yà mí lẹ́nu.

Ìdí mìíràn wà tí “ẹ máa ṣọ́ra” ò fi tó. Abẹ́rẹ́ kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tó lò ó. Ìyá kan ń gbá wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n gbé ọ̀rá ìdọ̀tí sókè láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rá náà gbá wọn lẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ tí ẹnì kan jù síbẹ̀ sì wọ itan wọn. A ò mọ ẹni tó lò ó, a ò sì mọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó wà lára rẹ̀. Ọṣẹ àti omi la kọ́kọ́ fi fọ ojú ibẹ̀, a mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, nítorí oògùn tí wọ́n fi ń dènà HIV kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dára. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi lò ó, èébì ń gbé wọn, wọ́n ṣì ń wá síbi iṣẹ́. Ọlọ́run ṣe é, àyẹ̀wò wọn kò fi àrùn kankan hàn títí dé ìparí. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ò fọwọ́ kan síríńjì rí láyé wọn. Abẹ́rẹ́ tó ti fà padà sínú síríńjì rẹ̀ ì bá má lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ì báà jẹ́ inú ọ̀rá ìdọ̀tí ni wọ́n jù ú sí.

Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ dunjú náà ò yọ sílẹ̀. Karen Daley ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kí ó tó fẹ́ ju abẹ́rẹ́ sínú àpótí lọ́dún 1998, tí èyí tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì gún un ní ìka. Ó kó HIV, ó tún kó mẹ́dọ̀wú C. Kò dákẹ́, ó sọ ọ́ fáyé gbọ́ títí tí Ààrẹ Clinton fi buwọ́ lu òfin ìdènà irú ìpalára yìí ní oṣù kọkànlá ọdún 2000. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà ṣe tiwọn lọ́dún 2010. Ohun kan wà nínú òfin Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ràn gan-an: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lo irinṣẹ́ náà kó tó yàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ra nǹkan fún ilé ìwòsàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ra wọn fún yín. Síríńjì tí kò ṣe é lò lẹ́ẹ̀mejì yàtọ̀ sí síríńjì tó ń bo abẹ́rẹ́. Ti àkọ́kọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ní kí wọ́n máa lò fún gbogbo àjẹsára tó bá fi máa di ìparí ọdún 2003. Aláìsàn tó kàn ló ń dáàbò bò, ó sì ṣe iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n ṣóńṣó rẹ̀ lè ṣì wà níta kó máa dúró de ọwọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí àjọ náà fi tún sọ̀rọ̀ lọ́dún 2015 pé kí síríńjì ní ààbò fún òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè èwo ló gbé wá.

Wọ́n á ní ó wọ́n ju ti lásán lọ. Òótọ́ ni. Kí wọ́n ṣírò àyẹ̀wò mọ́ ọn, kí wọ́n ṣírò oògùn ọjọ́ 28, kí wọ́n sì ṣírò òṣìṣẹ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù.

Kí ẹ tó rà á rẹpẹtẹ, ẹ kó díẹ̀ wá sí wọ́ọ̀dù. Ẹ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré àti ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ tó tutù dán an wò, kí ẹ sì gbọ́ tẹnu wọn. Kí ìwé kan sì wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n á máa kọ ọ́ sí bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀: irú abẹ́rẹ́ wo ni, ilé iṣẹ́ wo ló ṣe é, kí ni wọ́n ń fi í ṣe lọ́wọ́. Kí wọ́n má kọ orúkọ ẹni tí abẹ́rẹ́ gún síbẹ̀, kí ẹ̀rù má baà ba àwọn èèyàn láti wá sọ. Bí oríṣi abẹ́rẹ́ kan bá ti ń fara hàn nínú ìwé náà léraléra, kí wọ́n dáwọ́ rírà rẹ̀ dúró.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ