Ìkéde: Ìpàdé àwa onímeerschaum ní Sátidé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìpàdé wa ti Sátidé yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ibi tá a máa ń lò nítòsí Ọjà Akẹ̀sán ni.

Ìkòkò meerschaum, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n fi ń mu tábà, la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tiwọn ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi, wọ́n ní kí ló dé tí àwọ̀ ẹ̀ kò tíì pọ́n. Ẹ ní sùúrù jàre! Òkúta funfun ni meerschaum, ìlú Eskişehir ní Tọ́kì ni wọ́n ti ń wà á jù, tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán wọ́n á rì í bọ ìda oyin, ìda yẹn àti òróró tábà ló jọ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ tó fi máa pọ́n bí oyin kó tó wá di pupa rúsúrúsú, ọdún lè gorí ọdún. Tó bá ti gbóná ẹ má fọwọ́ kàn án, ọrùn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ sì jẹ́ kó tutù dáadáa kẹ́ ẹ tó tún ki tábà míì. Èédú tó bá lẹ̀ mọ́ inú ẹ, ẹ máa nù ún kúrò, ìkòkò onígi nìkan ló ń fẹ́ kó nípọn. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rún òkúta lẹ̀ pọ̀ kì í sábà pọ́n dáadáa, ẹ má tìtorí owó pọ́ọ́kú rà á.

Ẹni tó bá ní èyí tí wọ́n fi akèrègbè ṣe, tó ní meerschaum lẹ́nu, kó gbé e dání, àwọn tó ń fín igbá l'Ọ̀yọ́ níbí fẹ́ rí i. Kálukú gbé tábà tiẹ̀ o, ẹ má sì mú ọmọdé wá.