Kí A Dá Akàn Àjèjì Dúró Nínú Ikùn Ọkọ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn akàn tó ń ya wọ òkun tí kì í ṣe tiwọn, ohun tí mo sábà ń gbọ́ ní Adó-Èkìtì ni pé kí wọ́n kó wọn wá, a ó fi wọ́n sebẹ̀ tán. N kò fara mọ́ èrò yìí.

Akàn aláwọ̀ búlúù tó ti etí òkun Amẹ́ríkà wá ti gbilẹ̀ nínú òkun Mẹditaréníà, abo kan ṣoṣo sì lè yé ẹyin tó tó mílíọ̀nù méjì lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 2023, ó jẹ àwọn ẹran oníkarahun tí àwọn ènìyàn ń sìn ní ẹnu odò Po ní Ítálì débi pé iṣẹ́ òòjọ́ ọ̀pọ̀ wọn dojú dé, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará Ítálì ń jẹ akàn náà. Ti Nọ́wè tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akàn pupa ńlá tí àwọn onímọ̀ ìjọba Soviet mọ̀ọ́mọ̀ kó sínú òkun Barents, tó wà ní àríwá Rọ́ṣíà àti Nọ́wè, ní àwọn ọdún 1960 ti di ọjà olówó iyebíye níbẹ̀, ìjọba sì ń díwọ̀n iye tí wọ́n lè pa ní apá ìlà-oòrùn kí ó má baà tán, nígbà tí wọ́n ní kí apẹja máa pa á bó ṣe wù ú ní apá ìwọ̀-oòrùn kí ó má baà tàn kálẹ̀. Jíjẹ ti sọ ọ́ di onílé.

Inú ọkọ̀ ló yẹ kí a ti pàdé wọn. Ọkọ̀ òkun tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ a máa fa omi sí ikùn kí ó má baà máa fì, yóò sì da omi náà nù ní èbúté tó bá ti fẹ́ kẹ́rù, tòun ti ọmọ akàn wẹ́wẹ́ tí ojú lásán lè má tètè rí. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe lórí omi yìí ní 2004, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, de Nàìjíríà pẹ̀lú. Mo ń bẹ àwọn aláṣẹ kí wọ́n máa bu omi ikùn ọkọ̀ yẹ̀ wò déédéé ní Àpápá, Lẹ́kkí àti Onne, kí wọ́n sì máa tẹ èsì rẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn.

Èkìtì kò ní òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti etí òkun ni edé tí à ń rà lọ́jà ti ń wá. Koríko àjèjì ojú omi tó gba Àgbádárìgì wọlé ní 1984 ṣì ń dínà mọ́ ọkọ̀ àwọn apẹja dòní. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja wà ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ì bá dára kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí etí òkun Ìlàjẹ láti ṣàkọsílẹ̀ gbogbo irú akàn tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, kí àjèjì tó bá yọjú má baà pẹ́ láàárín wọn kí a tó dá a mọ̀.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan,
Adó-Èkìtì.