Bá Mi Ṣí Abọ́ Irú Yẹn Wò

Ọ̀gbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Ajé.

Àjọkẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ó dùn mí pé bàọ́lọ́jì ti sú ọ débi pé o fẹ́ fi sílẹ̀. O ní bí o bá há a sórí lálẹ́, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a. Má tíì fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ìdí ìkòkò irú mi lo ti bá ohun tí ò ń há sórí yẹn dàgbà.

O mọ̀ pé mọ́jú la fi ń se irú kí èèpo rẹ̀ tó rọ̀. A ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un sè, a ó wá dà á sínú abọ́, a ó fi ewé àti àpò bò ó pinpin. Lọ́jọ́ kẹta, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Màámi, ó gbóná!" Ta ló dáná sí i? Àwọn bàkítéríà, ohun alààyè tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ni. Wọ́n ń jẹ purotéènì inú irú, wọ́n ń mí, ooru sì ń ti ara wọn jáde. Yíyọ̀ tó ń fà lọ́wọ́ rẹ bí ilá, iṣẹ́ wọn ni. Òórùn tó ń ta wá nímú, amóníà ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan bàkítéríà yìí, sẹ́ẹ̀lì kan péré ni, ìyẹn yàrá kékeré tí a fi kọ́ ara gbogbo ohun alààyè, kò sì ní núkílíọ́ọ̀sì, àpò kékeré tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, bíi ti sẹ́ẹ̀lì ara rẹ.

Ìyá mi máa ń béèrè pé ohun tí iná jó mọ́jú, kí ló tún kù nínú ẹ̀ tó lè wà láàyè? Kò rí ẹni dá a lóhùn títí ó fi lọ. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí: bí ara bá ni bàkítéríà yìí, ó máa ń ká jọ sínú èèpo líle kan, omi híhó kì í sì í tètè pa á níbẹ̀. Òmíràn sì ń ti ara ewé àti abọ́ wá.

Lọ́dún kan tí ọyẹ́ mú gan-an, mo gbé abọ́ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ kẹta pé, irú tutù, kò yọ̀, kò rùn. Odidi abọ́ ni mo dànù, mo sì sunkún. Òtútù ló fa ọwọ́ énsáìmù sẹ́yìn, ìyẹn èròjà tí bàkítéríà fi ń tú oúnjẹ rẹ̀ palẹ̀. Orí énsáìmù tí o ní kò yé ọ, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ fún sẹ́ẹ̀lì lórúkọ, lọ́dún 1665. Èèpo igi gbígbẹ ló wò, ó rí yàrá kéékèèké, ṣùgbọ́n àwọn onílé ti kú. Abọ́ tèmi, onílé wà níbẹ̀.

Wá gbójú sókè wo igi irú fúnra rẹ̀. Ewé rẹ̀ ń fi oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ. Òdòdó rẹ̀ pupa, ó rí roboto, ó ń rọ̀ dirodiro. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àdán á wá mu oyin inú rẹ̀, á sì gbé àtíkè òdòdó náà lọ sára òmíràn. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń bínú sí àwọn ọmọ tó ń ju òkò sí àdán. Ewé tó bá jábọ́, olú àti bàkítéríà á jẹ ẹ́ di ilẹ̀, gbòǹgbò á tún fà á mu. Àdán, igi, ilẹ̀, èmi tí mò ń ta irú, gbogbo wa la wà nínú ohun tí ìwé rẹ ń pè ní ecosystem.

Mo fi irú wooro díẹ̀ rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Má jẹ ẹ́ tán. Bẹ tíṣà yín kí wọ́n jẹ́ kí o fi díẹ̀ nínú yíyọ̀ rẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, awò tó ń sọ ohun tíntìn di ńlá lójú, kí o ya ohun tí o bá rí, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Màámi rẹ.