Àbẹ̀kẹ́, má tíì ra ẹ̀rọ yẹn

Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àwòrán ẹ̀rọ ìgbérin tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé o fẹ́ rà, mo sì rí iye tí wọ́n ń tà á. Ìyá rẹ ní kí n pè ọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè tán, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ mi. Tí mo bá pè, "Ẹ ṣé, Dádì" ni wàá máa sọ títí n ó fi gbé fóònù sílẹ̀, wàá sì lọ rà á. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọọṣẹ́ ti lọ sílé.

Kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé ọ: inú mi dùn pé o fẹ́ máa gbé irin. Ẹni tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, tó tún jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Ìkòròdú dé Maryland lálọ lábọ̀, ara rẹ̀ nílò iṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020, ní kí àgbàlagbà máa ṣe ohun tó ń mú iṣan lágbára, ó kéré tán ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀. Àwọn tó ní wàá dọkùnrin, má dá wọn lóhùn. Folashade Oluwafemiayo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ní Paris lọ́dún 2024, ó ti kílò 167 sókè láti àyà rẹ̀, ó sì gba góòlù nínú ìdíje Paralympics, ti àwọn eléré aláàbọ̀ ara. Rafiatu Lawal àti Adijat Olarinoye gba góòlù nínú irin gbígbé níbi ìdíje Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022. Obìnrin ni wọ́n lọ, obìnrin ni wọ́n bọ̀.

Ẹ̀rọ yẹn gan-an ni mi ò fara mọ́. Mo fẹ àwòrán náà lójú fóònù, mo wo ibi tí wọ́n ti jó o. Páìpù onígun mẹ́rin tí kò nípọn ni, wọ́n jó oríkèé rẹ̀ jákujàku, ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi bo àṣírí. Wáyà tó ń fa irin rẹ̀ sókè ni yóò kọ́kọ́ já, ta ni yóò sì tà ọ́ ní òmíràn? Owó rẹ̀ ju owó ilé rẹ ọdún kan lọ. Ọjọ́ tí lánlọ́ọ̀dù bá ní kí o kó jáde ńkọ́, ta ni yóò gbé e sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ní ti èyí tó ń lo iná, tí wọ́n ń sáré lójú kan lórí rẹ̀, mi ò tiẹ̀ fẹ́ fi ìwé ṣòfò. Ìwọ àti NEPA ẹ mọ ara yín.

Iṣan ò mọ iye tí o ra irin. Ohun tó ń mú un lágbára ni kí ẹrù máa wúwo sí i díẹ̀díẹ̀, bí ara bá ṣe ń gbà á. Nítorí náà, ẹrù tí o mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí o sì lè fi kún nígbàkígbà, ni kí o wá, èyí tó sún mọ́ ọ jù sì wà lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta omi nísàlẹ̀ ilé rẹ. Báàgì píọ́ wọ́tà kan, ọ̀rá omi 20 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlàjì líta. Líta omi kan, kílò kan. Kílò 10 ni odindi báàgì nìyẹn, ọ̀rá kan sì jẹ́ ìlàjì kílò. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irin tí wàá ti rí èyí tí o lè fi ìlàjì kílò kún ní owó píọ́ wọ́tà kan.

Báàgì àgbékọ́ tí o ń gbé lọ sí yunifásítì, ṣé ó ṣì wà? Gbé e lọ sọ́dọ̀ aránbàtà kó fi òwú ńlá rán okùn èjìká rẹ̀ ní àránpadà. Tẹ́ táwẹ̀lì àtijọ́ sí ìsàlẹ̀, kó ọ̀rá omi 10 sínú rẹ̀, kí o fi aṣọ há àyè tó bá ṣẹ́ kù kí omi má bàa máa yí kiri. Gbé e kọ́ ẹ̀yìn, lóṣòó, dìde. Ẹ̀yìn rẹ kò gbọdọ̀ ká, gìgísẹ̀ rẹ kò sì gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Gbé e kọ́ ẹ̀yìn náà ṣe púṣọ́ọ̀pù, bí o ò bá tíì lè ṣe é nílẹ̀, gbọ́wọ́ lé etí ibùsùn, kí o sì gbé báàgì tì ná. Lẹ́yìn èyí, gbọ́wọ́ kan lé àga, tẹ̀ síwájú, kí o fi ọwọ́ kejì máa fa báàgì náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ìhà rẹ bí ẹni ń fa omi kànga. Ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá, sinmi díẹ̀, kí o tún un ṣe títí yóò fi pé ìpele mẹ́ta, Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ tí ẹ̀ẹ̀méjìlá bá ti rọrùn ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fi ọ̀rá 2 kún un. Máa mí jáde nígbà tí o bá ń gbé e sókè, má sé èémí. Kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, torí orí máa ń purọ́ fúnni lórí ohun tí a gbé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tí gbogbo rẹ̀ bá sì sú ọ, mu omi náà. Kò sóhun tó ṣòfò.

Kẹ́ẹ̀gì ló kàn. Kẹ́ẹ̀gì òróró onílíta 5, tí o bá da yanrìn gbígbẹ kún un, yóò tó bíi kílò 8. Méjì rẹ̀, ọwọ́ kan, ọwọ́ kan, kí o máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wàá rí i bí ìka yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Má bu omi dé ìdajì kẹ́ẹ̀gì ńlá gbé o, ṣíṣàn tó ń ṣàn nínú rẹ̀ lè yí ọrùn ọwọ́.

Tí o bá ṣe èyí fún oṣù mẹ́ta tí o kò fi í sílẹ̀, ìgbà náà ni iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀. Fún irin tí wàá máa gbé, má lọ ra páìpù tí wọ́n ń pè ní íńṣì kan; inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, ìta rẹ̀ tóbi jù fún àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Irin tí àwọn obìnrin fi ń díje jẹ́ mílímítà 25 níbi tí wọ́n ti ń dì í mú, kílò 15 ni. Ti ọkùnrin jẹ́ mílímítà 28, kílò 20. Rọ́ọ̀dù ìkọ́lé onímílímítà 25 ni mo fẹ́ gé fún ọ. Àwọn ìlà tó yọ lára rẹ̀ kì í jẹ́ kó yọ̀ lọ́wọ́ tí òógùn bá dé, mítà kan rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 4. N ó fi fáìlì fá ibi tó bá mú.

O mọ èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń ṣe, tí wọ́n á da kọ́ńkéré sínú agolo, tí wọ́n á ki irin bọ̀ ọ́. Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ irin lásán tí wọ́n kì bọ inú rẹ̀ máa ń mì tó bá yá, ọjọ́ kan á yọ, orí ìka ẹsẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Tèmi, n ó jó irin kéékèèké méjì dábùú ara wọn sí ẹnu kọ̀ọ̀kan rọ́ọ̀dù náà kí n tó da kọ́ńkéré bò ó. Ike ọ̀dà onílíta 4 tó kún fún kọ́ńkéré sún mọ́ kílò 10. A ó máa bu omi wọ́n ọn fún ọjọ́ 7, a ó sì fi àpò tútù bò ó kó má baà sán. N ó gbé ẹgbẹ́ méjèèjì lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń fi kílò ra irin àlòkù, torí èyí tí wọ́n bá fi ojú díwọ̀n kì í dọ́gba, ẹgbẹ́ tó bá sì wúwo ju èkejì lọ ni yóò máa fa eegun ẹ̀yìn rẹ sápá kan. Tí o bá rí díìsì bíréèkì ọkọ̀ àlòkù, tó lè ṣiṣẹ́ ẹrù, ní Ládípọ̀ tàbí ní Òwódé Onírin tí ò ń gbà kọjá lójoojúmọ́, méjì-méjì tó bára mu ni kí o rà. Ihò àárín rẹ̀ yóò tóbi ju rọ́ọ̀dù lọ, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Ohun mẹ́ta ni mi ò fẹ́ gbọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé o rọ̀ mọ́ bọ́gílárì bàkọ́nì láti fa ara rẹ sókè; mo mọ bí àwọn kan ṣe ń jó bọ́gílárì, ibi méjì péré ni wọ́n ń fọwọ́ kàn. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé o dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin gígùn nígbà tí kò sẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ. Dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì méjì, irin kúkúrú tí a ń fi ọwọ́ kan gbé, ni kí o fi ṣe èyí. Mi ò sì fẹ́ gbọ́ pé o ju ẹrù sílẹ̀ lórí táìlì lánlọ́ọ̀dù. Ra rọ́bà táyà àlòkù tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí o gbé pákó plywood lé e. Fóòmù kọ́, ẹsẹ̀ á máa rì nínú rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja tó. Ìyá rẹ ti ń di ẹ̀wà olóyin sínú àpò bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mú tépù kí o wọn àlàfo tó wà láàárín ibùsùn àti fèrèsé fún mi, fífẹ̀ àti gígùn. Mítà kan ààbọ̀ ni mo fẹ́ gé rọ́ọ̀dù náà sí, mi ò sì ní tan máṣíìnì títí o ó fi fi ìwọ̀n ránṣẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ